Bónọ́ọ̀sì Tí Sanmí Gbà ní Lálúpọn

Bí ẹ bá ń wá Sanmí ní Olódò, ẹ má wulẹ̀ béèrè ojúlé. Ẹ dúró, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ tẹ́tí. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ "bónọ́ọ̀sì", ibẹ̀ ló wà.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ ló gbà á pé kó máa gbé gbohùngbohùn káàkiri ọjà, kó máa ké sí àwọn èèyàn: ẹ ra méjì, ẹ gba kan bónọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ gidi ni, n kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn a máa bọ́ aṣọ iṣẹ́ bí wọ́n bá délé. Sanmí kì í bọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń wọ̀ ọ́ sùn.

Èmi ni télọ̀ tí ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ti yàrá Sanmí, nítorí náà ohun tí mò ń sọ yìí, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi.

Bí òjò bá rọ̀ lẹ́yìn tó ti pọnmi tán, á ní bónọ́ọ̀sì ni. Bí ó bá ra búrẹ́dì tó bá èèrà nínú rẹ̀, á ní wọ́n fi ẹran ṣe bónọ́ọ̀sì fún òun. Lọ́jọ́ kan ó gẹrun tán lọ́dọ̀ Khàlíl onígẹ̀run, ó gbé apá méjèèjì sókè, ó ní kó bá òun fá abíyá, kó fi ṣe bónọ́ọ̀sì. Khàlíl wo abíyá náà. Ó pa ẹ̀rọ ìgẹ̀run, ó ní iná ti lọ. Fáànù sì ń yí lórí wọn.

Ó tún máa ń kọ́ wa. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù mi, á máa ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn bàbá ńlá rẹ̀. Èyí tí àwọn oníléeṣẹ́ fóònù ń fún wa, tó máa ń parẹ́ kí èèyàn tó rántí ẹni tó fẹ́ pè, bónọ́ọ̀sì ni. Ìrẹsì tí ọ̀gá ń pín lópin ọdún, bónọ́ọ̀sì ni. Èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà bí wọ́n bá borí, tí wọn kò bá rí i gbà wọn á tìlẹ̀kùn mọ́ra ní hòtẹ́ẹ̀lì, òun náà ni. Mo ní ṣé kì í ṣe èènì là ń pè bẹ́ẹ̀ nílé wa? Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàánú mi. Ó ní èènì ni èèyàn ń tọrọ. Bónọ́ọ̀sì, ẹ̀tọ́ ni.

Ẹ̀tọ́ yìí ló gbé dé ilé Ṣítù lọ́jọ́ tí Mùjíbátù ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Gbogbo wa wọlé, a kí wọn kú ewu. Sanmí wọlé tirẹ̀, ó ní Ṣítù kú oríire, ọmọ kan làwa ń retí, wọ́n tún wá fi bónọ́ọ̀sì kún un.

Ìyá Ṣítù gbójú sókè.

"Èwo ni bónọ́ọ̀sì nínú wọn?"

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti dákẹ́. Ó na ìka sí Kẹ́yìndé, ó ní èyí tó dé kẹ́yìn ni. Ìyá Ṣítù ní Kẹ́yìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé ṣáájú pé kó lọ bá òun wo bí ilé ayé ṣe rí.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Sanmí wí. "Táyé ni bónọ́ọ̀sì."

Ẹ̀yìnkùlé la gbà mú un jáde. Ṣítù ti ń wá ọmọ odó kiri.

Ẹni tó rí báyìí ló wá lọ fẹ́ràn Gbọ́njúbọ́lá.

Ọjà Lálúpọn ló ti rí i. Gbọ́njúbọ́lá ń ta gàrí tí ìyá rẹ̀ ń yan, ẹnu rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ sì dára. Ó wọn kóńgò kan fún Sanmí, ó wọ̀n ọ́n débi tó ń ṣàn sílẹ̀, ó wá fọwọ́ bu èènì lé e. Sanmí yẹ èènì náà wò, ó rí i pé ó ní kókó díẹ̀. Ló bá dà á padà sínú ọpọ́n. Ó ní kó bu òmíràn, pé bónọ́ọ̀sì tòun gbọ́dọ̀ kúnná.

Gbogbo ọjà yíjú sí i.

Bóyá ẹ̀yin tí ẹ ń ra gàrí nínú ọ̀rá kò mọ̀. Ní Lálúpọn, oníbàárà kì í yan èènì, kì í sì í dá a padà. Ọwọ́ tó bu ú ló mọ ohun tó bù. Ẹni tó bá dà á padà ń sọ fún ọlọ́jà pé ọwọ́ rẹ̀ kò dára, ọlọ́jà yẹn kò sì ní í tajà mọ́ lọ́jọ́ náà, ojú á máa tì í. Àwọn obìnrin tó wà nídìí gàrí dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ Sanmí, èkejì di bẹ́líìtì rẹ̀ mú. Gbọ́njúbọ́lá ló là wọ́n. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ìsàlẹ̀ ọpọ́n níbi tí kókó pọ̀ sí jù, ó bù ú kún inú àpò Sanmí.

"Gba èènì rẹ. Ṣé o ó dá a padà?"

Sanmí ní òun kò dá nǹkan kan padà mọ́ láyé òun.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọjọ́ ọjà tí kì í lọ. Gàrí kún yàrá rẹ̀ débi pé eku ilé wa sanra. Nígbà tó yá, mo bi Gbọ́njúbọ́lá pé kí ló rí lára rẹ̀. Ó ní òun kò tíì rí ọkùnrin tó ń pa òun lẹ́rìn-ín tó báyẹn, tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Bàbá Gbọ́njú kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì fẹ́ ariwo. Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni, ẹ̀gẹ́ kì í sì í pariwo. Wọ́n ti gbọ́ ìròyìn Sanmí láti ọjà, inú wọn kò dùn sí i. Wọ́n ní kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé. Bí àwọn bá rí ọkọ lára rẹ̀, àwọn á fún un lọ́mọ. Bó bá jẹ́ ariwo nìkan làwọn rí, kó gbé ariwo rẹ̀ padà sí Olódò, kó má sì jẹ́ kí àwọn rí i mọ́ nídìí ọpọ́n gàrí àwọn.

Gbọ́njúbọ́lá pè é sẹ́yìn ọjà. Ó ní ohun méjì lòun ń bẹ̀ ẹ́: kó má gbé gbohùngbohùn wá, kó má sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Sanmí búra fún un. Ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó tọ́ka sókè.

Ọjọ́ Sátidé pé. Àwa mẹ́ta la lọ: Sanmí, èmi tí mo gbé iṣu, àti Bàbá Akíntáyọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ láti Akínyẹlé, tí wọ́n máa jẹ́ ẹnu wa. Nínú ọkọ̀, mo rí báàgì kan láàárín ẹsẹ̀ Sanmí. Mo bi í pé kí ló wà níbẹ̀. Ó ní òun kò ní í lò ó, ọpẹ́ ìkẹyìn lòun máa fi dá, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Mo ní ta ló wà lẹ́yìn nínú pálọ̀ èèyàn?

Nínú pálọ̀ náà la ti bá Bàbá Gbọ́njú àti ìyàwó wọn. Gbọ́njúbọ́lá jókòó sórí ẹní, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì jókòó tì í. Lórí àga tó sún mọ́ fèrèsé ni Ìyá Dọ́rọ́tì wà, ìyá tó bí Bàbá Gbọ́njú, màmá àgbà nínú ìjọ Kérúbù, aṣọ funfun lọ́rùn, agogo kékeré lọ́wọ́. Ohun mìíràn tún wà ní igun yàrá: alùpùpù tuntun kan, ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀. Ojú Sanmí bà á. Mo rí i bí ojú náà ṣe balẹ̀ síbẹ̀, tí kò fẹ́ dìde.

Bàbá Akíntáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó dùn létí. Wọ́n ní a rí òdòdó kan nínú ọgbà wọn, a fẹ́ já a. Èmi àti Sanmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tó wá tọrọ ọmọ kì í dìde títí wọn á fi ní kó dìde. Bí Sanmí ṣe na ara, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tẹ báàgì.

Báàgì náà sọ̀rọ̀. Ohùn Sanmí ni, èyí tó ti gbà sínú ẹ̀rọ fún ọjọ́ ọjà.

"Ẹ sún mọ́bí, ẹ wá wò ó! Ó ń tàn, ó ń ta sánsán! Bí ẹ bá mú méjì, ẹ gba kan bónọ́ọ̀sì!"

Bàbá Gbọ́njú wo báàgì. Wọ́n wo Gbọ́njúbọ́lá. Wọ́n wo àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì.

"Mélòó lẹ wá tọrọ níbí?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo ni o, sà," ni Bàbá Akíntáyọ̀ dáhùn.

"Ẹ má jẹ́ kó tán o!" ni báàgì wí.

Sanmí fẹ́ pa á, kò lè dìde. Mo na ẹsẹ̀ kan láti ta á dànù, mo ṣèèṣì ta ibi tí wọ́n fi ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ajá ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Gbọ́njúbọ́lá fi gèlè bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì, n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Bàbá Akíntáyọ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ òdòdó, ṣùgbọ́n báàgì ti borí wọn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wá dà pọ̀ létí wa: òdòdó wa kì í ṣí, kì í pọ́n aṣọ.

Ìyá Dọ́rọ́tì lu agogo lẹ́ẹ̀kan. Báàgì dákẹ́. Lọ́kàn tèmi, bátìrì ló tán. Àwọn ará ilé náà gbà pé agogo ni.

Bàbá Gbọ́njú gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tó fẹ́ dìde. Gbogbo wa mọ ohun tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá dìde, ó parí, iṣu wa la ó gbé padà. Mo rí Sanmí tó fi iwájú orí lélẹ̀.

Ìyá Dọ́rọ́tì ló sọ̀rọ̀.

"Ọmọ, kí ni wọ́n ń pè ní bónọ́ọ̀sì yẹn?"

Bàbá Akíntáyọ̀ fi bàtà tẹ Sanmí lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ jù. Orí Sanmí ti gbéra kúrò nílẹ̀, ojú rẹ̀ ti tàn.

"Màmá, ohun tí wọ́n fi kún ohun tí èèyàn wá gbà ni, láìsan nǹkan kan lé e."

"Ta ló ń yàn án?"

"Ẹni tó ń fúnni ni, Màmá. Ẹni tó ń gbà kàn ń gbà ni."

"Ṣé èèyàn lè dá a padà?"

Sanmí rẹ́rìn-ín nílẹ̀ tó wà. "Màmá, wèrè wo ló máa dá bónọ́ọ̀sì padà?"

Gbọ́njúbọ́lá ṣí gèlè kúrò lójú, ó ń mi orí sí i pé rárá, rárá. Sanmí rò pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ ọ́ lára. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Bàbá Gbọ́njú wo ìyá wọn, ìyá wọn wò wọ́n. Wọ́n rọra fara ti àga.

"Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ó fẹ́ bónọ́ọ̀sì lórí ọmọ wa?"

Ojú Sanmí lọ sí igun yàrá, ó gun alùpùpù náà, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Dádì, tọwọ́ tẹsẹ̀ ni n ó fi gbà á."

Wọ́n wọ yàrá lọ láti fikùn lukùn. A gbọ́ ohùn wọ́n-wọ̀n-wọ́n, lẹ́yìn náà a gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín Bàbá Gbọ́njú ni. Ìyàwó wọn jẹ́wọ́ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé òun ti gbàgbé bó ṣe máa ń dún. Wọ́n jáde. Wọ́n ní àwọn fún Sanmí ní Gbọ́njúbọ́lá, àwọn sì fún un ní bónọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí ìyàwó bá ń bọ̀ nílé rẹ̀ ni òun náà máa bá a wá.

Sanmí yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó yí dé ẹsẹ̀ alùpùpù náà, ó sinmi síbẹ̀ díẹ̀.

Ará Olódò kò sinmi lẹ́yìn ìyẹn. Sanmí da sìmẹ́ǹtì síwájú yàrá rẹ̀, ó ní ibùdó alùpùpù ni, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Ó ra àṣíborí ọlọ́kadà, pupa, tó ń dán. Ó ń dé e lọ ra búrẹ́dì. Ó ń dé e jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, n ó máa bá a sọ̀rọ̀, á ní kí n tún un sọ, òun kò gbọ́. Ó ṣèlérí fún Khàlíl pé òun á máa gbé e lọ sí Ìwó Ròdù lójoojúmọ́. Khàlíl bá fá abíyá fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo bi í pé ṣé wọ́n dárúkọ alùpùpù fún un.

"Télọ̀, kí ló tún kù nínú ilé yẹn?" ló dá mi lóhùn.

Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, Gbọ́njúbọ́lá ti tọ́jú bátìrì pamọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ gbé ìyàwó dé. Gbogbo àdúgbò ló jáde, nítorí Sanmí ti pè wọ́n wá wo alùpùpù. Ṣítù gbé ìbejì apá kan, Mùjíbátù gbé èkejì.

Gbọ́njúbọ́lá sọ̀ kalẹ̀, a kọrin fún un. Wọ́n sọ àpótí rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n sọ àpò gàrí kalẹ̀. Sanmí dúró pẹ̀lú àṣíborí lórí, ọrùn rẹ̀ ti gùn, ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n gbé ẹní kan sọ̀, wọ́n gbé àgò adìyẹ sọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ kan jáde, aṣọ funfun tẹ̀lé e, agogo tẹ̀lé aṣọ.

Sanmí dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Dọ́rọ́tì. Àṣíborí rẹ̀ gbá sìmẹ́ǹtì, gbàù. Ó ní Màmá kú iṣẹ́, wọ́n ṣeun tí wọ́n sin ìyàwó wá. Ó bi dírẹ́bà pé ẹrù yòókù ńkọ́. Dírẹ́bà ní ó tán.

"Màmá, bónọ́ọ̀sì dà?"

"Èmi rèé."

Khàlíl kọjú sí ògiri. Èmi ti ń wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù nílẹ̀. Sanmí wo Gbọ́njúbọ́lá, Gbọ́njúbọ́lá ní ṣebí òun mi orí sí i. Ó tún wo Ìyá Dọ́rọ́tì, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, Màmá. Títí di ìgbà wo?"

"Ti fóònù ló máa ń parẹ́," ni Ìyá Dọ́rọ́tì wí. "Tèmi kì í parẹ́."

Gbọ́njúbọ́lá ló sọ fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀ nínú yàrá lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Bàbá rẹ̀ ti ní kí wọ́n gbé iṣu wa fún wa. Ìyá Dọ́rọ́tì ní rárá. Wọ́n ní ọmọkùnrin náà gọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìkà nínú rẹ̀. Àwọn ló tọ́ Gbọ́njúbọ́lá dàgbà. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tẹ̀ lé e lọ, kí ariwo má bàa pa á lórí. Ó sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò ní í dá a padà.

Ohun tó kọ́kọ́ wu Ìyá Dọ́rọ́tì ní ilé náà ni àṣíborí. Wọ́n gbà á lórí Sanmí, wọ́n yí i wò, ojú wọn kún fún ayọ̀. Wọ́n ní àṣíborí ìgbàlà tí àwọn ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ láti kékeré nìyí, àwọn kò mọ̀ pé wọ́n ń tà á ní Olódò. Láti ìgbà náà, ní ìdájí, kí àkùkọ tó rántí iṣẹ́ rẹ̀, Ìyá Dọ́rọ́tì á ti dúró lórí sìmẹ́ǹtì náà, aṣọ funfun nísàlẹ̀, àṣíborí pupa lókè. Wọ́n á lu agogo, wọ́n á gbàdúrà fún gbogbo àdúgbò lójúlé lójúlé. Bí wọ́n bá kan Sanmí, wọ́n á béèrè ìbejì fún un, wọ́n á ní àwọn kò lọ títí àwọn ọmọ náà á fi mọ̀ ọ́n rìn. Mò ń gbọ́ àmín Sanmí láti inú yàrá. Ó kéré púpọ̀.

Ó lọ sí Lálúpọn lẹ́ẹ̀kan láti lọ fi ọgbọ́n bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní láti gba ìdí gàrí kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ọjọ́sí rí i, ó dìde, ó bi í bóyá ó wá dá nǹkan padà ni. Sanmí ní rárá o, gàrí lòun wá rà. Ó ra kóńgò méjì, ó bọ́ sí ọkọ̀.

Ó ti ń mọ́ ọn lára ṣá. Ọbẹ̀ Ìyá Dọ́rọ́tì dùn, Gbọ́njúbọ́lá ń rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́, kódà mo gbọ́ pé ní ọjà, "ẹ gba kan sí i" ni Sanmí ń sọ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jókòó sí bẹ́ǹṣì mi, tó ń sọ pé ilé òun tòrò, tí ọkọ̀ kan fi dúró níwájú wa. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, aṣọ funfun, ó dàgbà ju Ìyá Dọ́rọ́tì lọ, ó gbé ẹní dání. Ìyá Dọ́rọ́tì sáré jáde pẹ̀lú àṣíborí lórí, wọ́n dì mọ́ra wọn.

"Sanmí, wá kí ẹ̀gbọ́n mi láti Ẹgbẹ́dá. Bónọ́ọ̀sì tèmi nìyí."

Sanmí dọ̀bálẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀. Ohùn tí gbogbo ọjà Lálúpọn ń gbọ́ láìsí bátìrì wá di ohùn ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin náà ní tiyín?"

"Ewúrẹ́ mi ni," ni màmá náà dáhùn. "Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."